Iná Pupa Méjì Tí Dépò Tàn Sílẹ̀

Bọ́sẹ̀ aládùúgbò mi ló ń bá mi kọ ọ́, n ò mọ̀wé.

Wọ́n gbé gìtá Dépò kúrò nílé lónìí.

Ọmọ ọmọ mi ni. Wọn kì í jẹ́ kí àgbà mọ ojú oórì ọmọ, n ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Àwọn olórin ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò. Wọ́n ki wáyà bọ iná. Àpótí tí Dépò fi ń darí àwọn pẹ́dà tó ń pààrọ̀ ohùn gìtá bá tan iná pupa méjì.

Mo ní, "Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Táyọ̀, tó fẹ́ máa ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì nípò Dépò, ní, "Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́, Màmá. Bí Bọ̀ọ̀dá Dépò ṣe fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn náà ló ṣe wà."

Ó sọ ọ́ tán, ó fẹsẹ̀ tẹ méjèèjì. Iná kú.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò tilẹ̀ dúró kí n fọwọ́ kàn án!"

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Màá tún un tàn."

"Ẹsẹ̀ tìẹ nìyẹn, kì í ṣe ti Dépò. Máa gbé e lọ."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé mo le jù? Ẹ fèsì.

Kí ẹni tó bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ yà sí ọjà Akẹ̀sán, kó sọ fún ìyá Dépò pé gìtá ti lọ. Kó má sọ ti iná yẹn fún un.