Ọ̀dà Funfun Inú Balùwẹ̀ Ìyá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ọ̀rọ̀ mi kò bá tò bó ṣe yẹ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, láti ìgbà náà, orúkọ oníbàárà àti ìwọ̀n aṣọ wọn nìkan ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni màá ṣe sọ ọ́.

Mo rántí bí balùwẹ̀ ilé ọkọ mi ní Bàrígà ṣe ń rùn lọ́dún tí àwọn sójà gbéjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, páànù ni wọ́n fi bò ó lórí, sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, ohun tútù kan tó dà bí ewé sì ti hù sára ògiri láti ilẹ̀ dé orúnkún. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti yọ̀ ṣubú láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí egungun itan wọn fi kán. Wọ́n gbé Ìyá lọ sí ọsibítù ní Igbóbì, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwa ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni tó rìnrìn àjò.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Ojú ń tì mí púpọ̀. Bí wọ́n bá kí mi, inú ọ̀fun ni mo ti ń dáhùn. Ìyá nìkan ni kì í bi mí pé kí ló dé tí n kì í sọ̀rọ̀. Bí àwọn ayálégbé bá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, Ìyá á ní, “Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ń ṣọ́ ẹyin tirẹ̀ ni.” Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Àǹtí tó ń gbé ní Ọbaníkòró, sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni Ìyá máa bọ̀ bí wọ́n bá kúrò lọ́sibítù, àyà mi já. Ìyá kọ̀, wọ́n ní inú ilé tí ọkọ àwọn fi sílẹ̀ làwọn máa sùn. Àǹtí wá ní kò burú, a ó gbìyànjú rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n bí àwọn bá rí i pé ilé náà kò rọ Ìyá lọ́rùn, àwọn á wá kó ẹrù wọn. Ẹ bá mi rò ó: ìyàwó tuntun wọlé, ìyá ọkọ jáde. Ta ni yóò gbà pé kì í ṣe èmi ni mo lé wọn?

Obìnrin kan wà ní yàrá iwájú tó ń gbálẹ̀ ní ọsibítù, a máa ń pè wọ́n ní Màmá Ọsibítù. Àwọn ni mo lọ bá. Wọ́n ní kí n ha ilẹ̀ balùwẹ̀ dáadáa, kí n tẹ́ rọ́bà sílẹ̀ kó má yọ̀ mọ́, kí n gbé àga oníke sínú rẹ̀, kí ọkọ mi sì de irin kan mọ́ ògiri tí Ìyá lè fọwọ́ dì mú. Wọ́n ní ìyẹn ti tó. A ṣe gbogbo rẹ̀. Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, n kì bá tí ní ìtàn kankan láti sọ.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbélẹ̀. Lákòókò náà, rédíò kò ní ọ̀rọ̀ méjì ju pé nǹkan tuntun ti dé, pé gbogbo nǹkan máa yí padà. Èmi náà ní kí balùwẹ̀ tiwa gba ìjọba tuntun. Mo ra ọ̀dà funfun, mo fi kun ògiri láti òkè délẹ̀. Mo kó àgékù léèsì funfun tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo rán an pọ̀ ní kọ́tìnnì. Ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń kó ìwé tó bàjẹ́ wálé fún ìdáná. Mo ṣa èyí tí òdòdó wà lára rẹ̀, mo gé wọn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, mo fi ọ̀rá bò wọ́n kí omi má bàa bà wọ́n jẹ́. Nígbà tí mo ṣe tán, mo jókòó sórí àga inú rẹ̀ láìwẹ̀, mo kàn ń wò yíká. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ tí Àǹtí gbé Ìyá dé, Ìyá fi ọ̀pá rìn lọ sẹ́yìnkùlé, èmi sì ń tẹ̀ lé wọn, mo ti múra sílẹ̀ fún àdúrà tí wọ́n máa ṣe fún mi. Ìyá ṣí kọ́tìnnì. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo òdòdó, wọ́n tún wo ògiri.

“Ta ló ní kí wọ́n ṣe èyí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ìwọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kó lè dùn ún wẹ̀ fún yín ni.”

Ìyá sọ nǹkan kan ní èdè Ẹ̀gbá tó jinlẹ̀, èyí tí èmi ọmọ tí wọ́n bí sí Bàrígà kò gbọ́, wọ́n sì yí padà sí yàrá wọn. Láti ọjọ́ náà, aṣọ ìnura ni wọ́n ń rẹ sínú omi, tí wọ́n fi ń nu ara lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọn kò bá mi jà. Wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Orí mi dàrú. Mo bi ọkọ mi, ó ní bóyá òórùn ọ̀dà ni. Mo ṣí balùwẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn, Ìyá kò wọ̀ ọ́. Mo rò pé àga ló kéré, mo gbé òmíràn síbẹ̀. Mo yọ kọ́tìnnì, mo ta aṣọ àdìrẹ síbẹ̀; wọ́n wò ó, wọ́n kọjá. Èyí tó tún dà mí rú jù ni àwọn ayálégbé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí Ìyá jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kí aláìsàn tí kò ní pẹ́ lọ, ọ̀kan nínú wọn sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ìyàwó, ṣé kò sí nǹkan o? Ṣé dókítà ò sọ nǹkan kan?” Mo ní kò sí. Ó mi orí, ó ní Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn. Kí ni Ọlọ́run á ṣe ní ìrọ̀rùn? N kò lè béèrè.

Ní Sátidé, Àǹtí wá, wọ́n bá Ìyá pẹ̀lú aṣọ ìnura. Wọ́n kọjú sí mi. “Ṣé báyìí ni wọ́n á máa wẹ̀ ni? Lọ́la, bí mo bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń bọ̀ wá gbé ìyá mi.” Ìdí ẹ̀rọ omi ni Màmá Ọsibítù ti bá mi ní ìrọ̀lẹ́ náà, tí mò ń sunkún sínú garawa.

“Àbí ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn náà ni?”

“Ọ̀dà wo, mà?”

“Ẹ gbà mí! Ọmọ yìí ò tiẹ̀ mọ̀. Ìgbà wo ni wọ́n kun ilé yìí kẹ́yìn?”

“N kò mọ̀, mà.”

“Ìgbà tí bàbá ọkọ rẹ kú ni. Òkú ṣì wà ní mọ́ṣúárì, àwọn ọmọ ti gun àkàbà, wọ́n ń kun ilé de àlejò ìsìnkú. Nílé wọn l'Abẹ́òkúta náà, arúgbó kì í wọlẹ̀ kí ilé má gba ọ̀dà. Ìyá wá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ìyàwó ń kun ògiri ní funfun! Kí lo fẹ́ kí wọ́n rò?”

“Mà, èmi ò—”

“Àti òdòdó! Irú èyí tó máa ń yí fọ́tò òkú ká gan-an lo lọ ṣà. Ó kù díẹ̀ kó o kọ ‘Ó dìgbóṣe’ sí i.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àyà mú. Èmi kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n máa sunkún mi lọ.

Mo yọ òdòdó kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ọ̀dà ńkọ́? Ọkọ mi ní bí mo bá ha á, Ìyá á ní a kàn sún ìsìnkú síwájú ni. Kí n lọ bá wọn, kí n ní “Ìyá, n kò fẹ́ kí ẹ kú”? Báwo ni ẹnu ìyàwó ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí, ẹnu mi sì ti là díẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ọ̀sẹ̀ náà, ó ṣì máa ń dà mí rú pé ohun tí mo fi ìfẹ́ ṣe lè dà bíi pé mò ń lé èèyàn lọ sọ́run. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀ rárá, kí ni yóò béèrè? Ojú ṣì ń tì mí láti sọ ohun tí mo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, nítorí n kò rò ó jinlẹ̀ kí n tó ṣe é.

Mo dìde kí Àǹtí tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo gbé ọ̀dà funfun tó ṣẹ́kù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun ilẹ̀kùn yàrá èmi àti ọkọ mi. Mo kun férémù rẹ̀, mo kun ògiri tó yí i ká. Mo gbọ́ ọ̀pá Ìyá lẹ́yìn mi, n kò bojú wẹ̀yìn.

“Ìyàwó, kí lo tún ń kùn?”

“Yàrá wa ni, mà.”

“Ta ló kú níbẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó kú, mà. Èmi àti ọmọ yín là ń gbébẹ̀.”

Ìyá sún mọ́ ògiri. Wọ́n wò ó pẹ́ débi pé ọ̀dà ń kán sí mi lẹ́sẹ̀, n kò lè nù ún.

“O fo igun òkè yẹn,” ni wọ́n wí. “Bó o bá kùn ún tán, bá mi gbé omi kaná.”

Mo kun igun náà. Mo gbé omi kaná, nígbà tó sì gbóná, mo gbé e lọ sí balùwẹ̀, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àga. Ìyá wọlé, mo jáde, mo sì fa aṣọ àdìrẹ sí wọn lẹ́yìn.