Kòkòrò Tí Awò Kò Rí

Ẹ̀rín ni mo ń rín nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Sádíà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń rán ẹnu àpò ìrẹsì nílé iṣẹ́ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ló fi súpáfáísọ̀ wa ṣàwàdà. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò sì fẹ́ tán. Mo di ẹ̀rọ ìránṣọ mú, omi ń dà lójú mi, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi èékánná ha mí láyà láti inú. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Sádíà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìyá Àmínátù," ó ní, "ikọ́ yìí mà ti pẹ́ lára yín o."

Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Búbà mi ti ń ṣò lọ́rùn, oúnjẹ ń korò lẹ́nu mi, òógùn ń bò mí lójú oorun bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fojú mi rí. Nọ́ọ̀sì tó wà nínú ọgbà ilé iṣẹ́ wa kò gbọ́ àyà mi wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ó ní ibà ni. Mo padà lọ, ó ní taifọ́ọ̀dù ni. Nígbà tó yá, ó ní eruku ni, kí n máa fi aṣọ bo imú. Eruku! Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ fúnra wọn ni wọ́n kan gbogbo fèrèsé yàrá wa pa, kí atẹ́gùn má baà máa gbé òwú ká. A ń mí èémí ẹnu ara wa láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n wá ń di ẹ̀bi ru eruku.

Lọ́jọ́ tí mo hú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ọkọ mi, Mùfútáù, tó ń ṣe káfíńtà ní Itele, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi, wọ́n fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ ife ni. Wọ́n ní "nẹ́gẹ́tíìfù", ìyẹn ni pé wọn kò rí kòkòrò kankan. Dókítà kọ oògùn ikọ́ fún mi, ó ní kí n máa lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé awò yẹn kì í rí kòkòrò ikọ́ ife àfi tí ó bá ti pọ̀ gan-an. Àìrí kì í ṣe àìsí. Mo gba ilé lọ, mo ń gbé ọmọ mi obìnrin mọ́ra sùn, mo ń wú ikọ́ lé e lórí.

Ara mi kò gbé mi mọ́ kí a tó padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní n kò ní dìde lórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi rí ohun tó ń ṣe mí. Dókítà obìnrin kan yọjú, ó bi mí pé, "Ṣé wọn ò tíì fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín sínú ẹ̀rọ DNA ni?"

Mo ní, "Ẹ̀rọ wo? Níbo ló wà?"

Ó nawọ́ sí ilé kan tó wà lẹ́yìn ibi tí mo jókòó sí. Inú ọgbà kan náà! Gbogbo ìgbà tí mo fi ń rù, ibẹ̀ ló wà.

Ó ṣàlàyé fún mi, mo sì fẹ́ kí ó yé ẹ̀yin náà. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, títí kan kòkòrò àìsàn, ló ní àmì ìran tirẹ̀ nínú ara. Àmì yìí ni wọ́n ń pè ní DNA. Bí ilà ojú àwọn àgbà ṣe ń sọ ilé tí wọ́n ti wá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ irú kòkòrò tó jẹ́. Ẹ̀rọ náà á wá ibi kan tó jẹ́ ti kòkòrò ikọ́ ife nìkan, á ṣe ẹ̀dà rẹ̀, á tún ṣe ẹ̀dà àwọn ẹ̀dà náà, títí díẹ̀ tí awò kò rí á fi di púpọ̀. Á tún sọ bóyá kòkòrò náà ti gbó débi tí ògidì oògùn rẹ̀ kò fi ràn án mọ́. Wákàtí bíi méjì ló ń gbà.

Bí a ṣe ń retí èsì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé láti Ìgbẹsà wá kí mi. Bó ṣe gbọ́ "DNA", ó fò dìde láàárín èrò.

"DNA kẹ̀? Mùfútáù, ọmọ ta wá ni Àmínátù?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Ọkọ mi kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Ìran kòkòrò ni wọ́n ń wá. Èmi mọ ọmọ mi."

Ẹ̀rọ náà rí i. Ikọ́ ife ni, oògùn sì ṣì ń ràn án. Mo sunkún, kì í ṣe ìbẹ̀rù, ìbínú ni. Wọ́n yẹ Àmínátù wò, wọ́n fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ó mú un.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi lo oògùn. Ìtọ̀ mi pọ́n bí omi zobo, inú ń rú mi, oríkèé ń dùn mí. Ààwẹ̀ Ràmàdáànì bá mi lẹ́nu rẹ̀. Ààfáà àdúgbò wa ní kí n má gbà á, kí n san án tí ara bá le. Ibà kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni oúnjẹ padà ń dùn.

Nígbà tí dókítà ní n kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́, mo padà síbi iṣẹ́. Máníjà ní kí wọ́n má ṣí géètì fún mi. Ìyẹn ni pé èmi tí wọ́n tì mọ́ yàrá tí kò ní afẹ́fẹ́ ni mo wá di ẹlẹ́gbin! Ẹnu géètì yẹn ni mo ti gbọ́ ikọ́ Sádíà kí n tó rí i. Mo fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n mú awò jáde, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ni kí ẹ fi sí." Ikọ́ ife wà lára òun náà. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ sílé iṣẹ́ náà nítorí àwa méjèèjì ni wọ́n tó yọ ìṣó ojú fèrèsé.

Ara kì í parọ́. Tèmi ti ń ké tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀dọ̀fóró tó tún ń gba atẹ́gùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ tó mọ èmi àti ọmọ rẹ̀, àti dókítà tó nawọ́. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kò di ẹnu mi. Ìwọ tí o ń wúkọ́ tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan, má ṣe dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Béèrè ibi tí ẹ̀rọ náà wà.