Ọ̀fìnkìn Mú Ọ̀gá

Ó lé ní ogójì ọdún tí Bàbá Alágogo ti ń tún agogo ṣe nínú yàrá kótópó kan tó kọjú sí títì. Á ki awò bọ ojú ọ̀tún, á tẹ̀ ba sórí tábìlì, ológbò rẹ̀ á sì na gbalaja sábẹ́ iná. Ọ̀gá ni wọ́n ń pe ológbò náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, kò lè fo fèrèsé mọ́, àga ló ń gbà gùn ún. Láti ìgbà tí ìyàwó Bàbá ti kú, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gá sín. Bàbá ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Ó tún sín, ó sín títí irin wẹ́wẹ́ inú agogo fi fò dànù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ ń ṣomi, ikun ti dí i nímú, èémí rẹ̀ ń dún bí ẹni ń ya aṣọ. Èyí tó já Bàbá láyà jù ni pé kò jẹun. Ológbò tó máa ń gba ẹran lẹ́nu ẹni!

Bàbá gbé e sínú agbọ̀n, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Dókítà, obìnrin kúkúrú kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá, gbọ́ àyà rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Imú àti ọ̀fun ni àìsàn náà wà, kò tíì dé ẹ̀dọ̀fóró. Àmọ́ ara àgbà kì í tètè kọ́fẹ. Kò gbóòórùn oúnjẹ ni kò ṣe jẹ ẹ́."

"Ṣé kí n bù fún un lára oògùn ọ̀fìnkìn tèmi?"

"Háà! Ẹ má dán an wò! Oògùn èèyàn lè pa á."

Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó kó oògùn fún Bàbá. Ó ní kó máa fi òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu imú rẹ̀, kó máa gbé e jókòó sínú balùwẹ̀ tí ooru omi gbígbóná bá kún, kó sì máa gbé oúnjẹ rẹ̀ kaná díẹ̀. "Tí kò bá jẹun títí di ọ̀la, ẹ tètè gbé e padà wá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ Bàbá obìnrin wá kí i. Ó gbọ́ ohùn nínú balùwẹ̀: "Mí sínú, Ọ̀gá. Ó dáa. Mí síta." Ó ṣílẹ̀kùn, ooru bò ó lójú. Bàbá rẹ̀ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ológbò lé itan.

"Bàbá mi, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Aláìsàn ni. Ti ilẹ̀kùn, ooru ń jáde!" Ni Bàbá náà bá sín, ó fọn imú fíìn.

"Ohun tó ń ṣe ogójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún," ni ọmọ wí, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. "Ta gan-an ni dókítà ní kó jókòó sínú ooru nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó gbé sadíìnì kaná. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ni imú Ọ̀gá bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí itan, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lọ sídìí oúnjẹ. Ó jẹ, ó jẹ, ó lá abọ́ mọ́ féfé. Bàbá gbàgbé pé orúnkún ń dun òun, ijó ló mú un.

Lọ́jọ́ keje, wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Bó ṣe ní kí òun nawọ́ sí imú Ọ̀gá, Ọ̀gá gbá a lọ́wọ́ pàá.

"Ó ti yá," ni dókítà wí, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Aláìsàn kì í lu dókítà."