Róbọ́ọ̀tì Tí Ìyá Mi Kùn

Nígbà tí ìyá mi yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ọ̀rányàn, ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbalẹ̀, egungun ọrùn-ọwọ́ náà sì ṣẹ́. Wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dì í ní ọsibítù, èmi sì lọ kó ẹrù rẹ̀ wá sílé wa ní Bẹyẹrúnkà. Mo rò pé mo ń ṣe dáadáa ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń dá gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, tó ta abọ́ tánganran l'Ọ́jà'ba títí irun orí rẹ̀ fi funfun, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbé kiri bí ẹrù. Ó wọ yàrá tí mo tọ́jú dè é, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ẹ̀wọ̀n yìí náà mọ́ tónítóní.” Ó bá dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri.

Ojú tó kọ sógiri yẹn, kò fẹ́ẹ̀ kọ ọ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Tí mo bá gbé oúnjẹ wá, á jẹ díẹ̀, á ní ó dùn, á sì dákẹ́. Ìyá mi tó máa ń bá ẹni tó ń ra abọ́ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ títí ẹni náà á fi ra ìkòkò mọ́ ọn!

Nígbà tí wọ́n tú símẹ́ńtì náà, àwọn ìka rẹ̀ ti le gan-n-gan bí ẹja gbígbẹ. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ fún un ní bọ́ọ̀lù kékeré kan tó rọ̀, ó ní kó máa fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́ láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kí iṣan ọwọ́ lè tú. Ìyá mi gbà á, ó dúpẹ́ gidigidi. Ìgbà tí a délé ló sọ ọ́ gba ojú fèrèsé.

“Èmi? Kí n máa fi bọ́ọ̀lù ṣeré? Ṣé wọ́n ní orí mi ló ṣẹ́ ni?”

Ewúrẹ́ àdúgbò kan gbé bọ́ọ̀lù náà sẹ́nu, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. A ò rí i mọ́.

Àsìkò náà ni àwọn ọmọ gba hólídè ńlá. Ọmọbìnrin méjì ni mo ní. Èyí àgbà ti fẹ́ẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì mọ gbogbo nǹkan láyé; eyín iwájú àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ dànù ni. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe ní pálọ̀ ilé wa. Kí hólídè tó tó ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ yìí ti fi kàtúùnù jẹ dátà fóònù mi tán, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ fa ilà sára ògiri, wọ́n sì ti gé apá aṣọ oníbàárà kan láti fi ṣe ìborí fún bèbí wọn.

Oníbàárà tó ni aṣọ yẹn náà ló wá gbà mí. Ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń ṣe tíṣà, torí náà ọ̀rọ̀ ọmọdé kì í bà á lẹ́rù. Ó fi hàn mí lórí fóònù pé àwọn àwòrán róbọ́ọ̀tì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè tẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlà dúdú nìkan ló wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo, ọmọ ló máa fi kréyọ́nù kùn ún. Òmíràn wà tó jẹ́ pé róbọ́ọ̀tì ti ṣìnà, ọmọ á wá ọ̀nà tó máa gbà délé. Òmíràn tún ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè fi páálí ṣe róbọ́ọ̀tì.

Mo gbéra lọ sí Bẹẹrẹ, sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń bá wa tẹ ìwé. Ó gba fóònù mi, ó wo àwòrán náà, ó tún un wò.

“Àǹtí, eléyìí ò tíì parí o.”

“Ó ti parí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà.”

“Kò ní àwọ̀ kankan nínú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá èyí tó ní àwọ̀. A ní yíǹkì aláwọ̀ níbí.”

“Àwọn ọmọ ló máa kùn ún.”

“Kí wọ́n wá máa ṣe wàhálà lórí ohun tí kọ̀ǹpútà lè bá wọn ṣe?”

Bàbá kan tó dúró lẹ́yìn mi láti ṣe ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ rẹ̀ ló dá sí i. “Bá a tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, jàre. Ilé tèmi náà, láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ ọ, mi ò tíì kùn ún, a sì ń gbé inú rẹ̀.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Iná lọ láàárín, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ náà gbọn ara rẹ̀, ó sì pọ róbọ́ọ̀tì kan jáde láìlórí. Ó fẹ́ ya á dànù, mo ní kó fi sí i, pé ẹni tí kò lórí náà ń wá ilé.

Yàrá ìyá mi ni ìmọ́lẹ̀ ti dára jù nínú ilé wa, ibẹ̀ náà sì tutù. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn ọmọ dùbúlẹ̀ sí, ni wọ́n bá ń kùn. Ariwo tán nínú ilé. Mo jókòó sídìí máṣíìnì mi, mo ń gbádùn ara mi, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ìyá mi.

“Kí lẹ ń ṣe tẹ́ ẹ dákẹ́ bí ẹni jí ẹran jẹ?”

“Róbọ́ọ̀tì la ń kùn, Màmá àgbà,” ni èyí àbúrò dá a lóhùn. Àìsí eyín iwájú kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà já gaara.

“Rọ̀bọ̀tọ̀? Gbé e wá kí n rí i.” Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún. Ìyá mi ti dìde jókòó. “Èyí tó rí gbọọrọ bí òpó iná yìí lẹ ń pè ní rọ̀bọ̀tọ̀? Kò níkùn, kò nídìí! Ta ló ń febi pa á?”

“Kì í jẹun, Màmá àgbà. Irin ni,” ni ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé. “Wọ́n ṣe é kó máa báni ṣiṣẹ́ ilé ni.”

“Ó ń ṣiṣẹ́, kì í jẹun?” Ìyá mi mi orí. “Ìkà lẹni tó ṣe é.”

Láti ìgbà náà lọ, ó di ọ̀gá lé wọn lórí. Bí ẹ̀gbọ́n bá fi dúdú kun ẹsẹ̀ róbọ́ọ̀tì, ìyá mi á bèèrè bóyá iná ló jó o. Bí àbúrò bá kùn ún kọjá ìlà, á ní aṣọ rẹ̀ ti ń já. Nígbà tó sú ẹ̀gbọ́n, ó mú róbọ́ọ̀tì aláìlórí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́, ó gbé e ka itan ìyá àgbà rẹ̀.

“Ẹ kun tiyín fúnra yín.”

Kréyọ́nù náà kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́, wọ́n mú un fún un, ó tún bọ́. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà, mo ti fẹ́ sọ pé kí wọ́n fi ìyá mi sílẹ̀, nígbà tí èyí àbúrò he àjákù aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi, ó we é mọ́ kréyọ́nù náà títí ó fi nípọn bí ọmọ odó. Ìyá mi dì í mú, ó di eyín rẹ̀ náà pọ̀. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó gbé e sílẹ̀. Róbọ́ọ̀tì aláìlórí ti lórí. Ó wé gèlè, àbàjà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bíi ti ìyá mi gan-an, ó sì níkùn ńlá kan tó pupa bí epo.

“Èyí la ń pè ní rọ̀bọ̀tọ̀,” ni ìyá mi wí.

Ní ọjọ́ kejì, igbe èyí àbúrò ló gbé mi kúrò nídìí máṣíìnì. Ó ní Màmá àgbà ti gbé kréyọ́nù pupa pamọ́. Mo wọ yàrá, mo rí i tí ìyá mi jókòó lọ́nà kan tí kò bá ti ẹni tó mọ́ lọ́kàn mu.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

“Mi ò lè dìde. Ẹsẹ̀ ń ro mí.”

“Ìyá, ọwọ́ yín ló ṣẹ́.”

“Ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀.”

Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti yọ kréyọ́nù náà. Ó ti fọ́ sí méjì, mo bá pín in fún wọn.

Bí àwòrán ṣe ń tán lọ, àwọn ọmọ bọ́ sórí róbọ́ọ̀tì onípáálí. Ọkọ mi ní páálí fíríìjì kan tó ti fi pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn látọjọ́ tó ti pẹ́, pé ó máa wúlò lọ́jọ́ kan. Ó lọ síbi iṣẹ́ ní Agodi láàárọ̀, kò sì mọ̀ pé ọjọ́ náà ti pé. Wọ́n lu ihò méjì sí i fún ojú, wọ́n lu méjì sí ẹ̀gbẹ́ fún apá, wọ́n fi ìdérí agolo mílíìkì ṣe bọ́tìnnì sí i láyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò wọ̀ ọ́, ó rì sínú rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n wọ̀ ọ́, ihò ojú wà níwájú orí rẹ̀.

“Ẹ gbé e wá kí n wò ó,” ni ìyá mi wí. Èmi ò gbọ́. Síìpù ni mò ń fi sí aṣọ oníbàárà lọ́wọ́.

Ìgbà náà gan-an ni àwọn ọ̀rẹ́ ìyá mi méjì dé láti Ọ̀rányàn láti wá kí i. Ọ̀kan jẹ́ ìyá ìjọ, ó gbé búrẹ́dì lọ́wọ́. Èkejì jẹ́ Àlájà, ó ń ti ọ̀pá, eékún ń dùn ún débi pé kí ó tó gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa tán, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fa ojú ro. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé kì í sọ̀rọ̀ mọ́.

“Ó wà nínú yàrá. Ẹ máa wọlé, mà,” ni mo wí, mi ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Páálí gíga kan yí padà díẹ̀díẹ̀, ó kọjú sí wọn, ohùn ìyá mi sì ti inú rẹ̀ jáde:

“Ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí mi?”

Búrẹ́dì fò. “Jésù!” ni ìkan ké, “Lá iláhà ilaláhù!” ni èkejì ké, àwọn méjèèjì sì gba ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì mi kọjá bí ìjì. Àlájà ló ṣíwájú. Ọ̀pá rẹ̀ ń bẹ nílẹ̀ yàrá, àtẹ̀gùn tó fi sinmi lẹ́ẹ̀mejì gùn, fífò ló fò ó. Mo sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú téèpù lọ́rùn mi, mò ń pariwo pé, “Róbọ́ọ̀tì ni, mà! Róbọ́ọ̀tì ni!” Iyẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n túbọ̀ sáré.

Ẹ̀yìn títì ni mo ti bá wọn, níbi tí ẹlẹ́lùbọ́ kan ti fún wọn ní àpótí jókòó. Nígbà tí mo fi mú wọn padà délé, páálí ti há sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ìyá mi wà nínú rẹ̀, kò lè jáde, kò lè wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń kán nísàlẹ̀ páálí. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Mo fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, ẹkún ló gbà mí lẹ́nu, mo ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú u. Wọ́n bú u kúnnákúnná, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n jẹ nínú búrẹ́dì tó fò. Lẹ́yìn náà ni Àlájà na ọwọ́ sí ìwé tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Kí tiẹ̀ lẹ ń kùn?”

Bí mo ṣe padà sí Bẹẹrẹ nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wo ìwé tí mo ní kó tẹ̀, ó wò mí. “Àǹtí, ọmọ mélòó lẹ bí gan-an?”

Mo ní àwọn ọmọ ti kùn tiwọn, àwọn àgbàlagbà ló kù.

Ọ̀sẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ bọ̀. Àjákù aṣọ tó wà lára kréyọ́nù ìyá mi ń dínkù títí wọ́n fi bọ́ ọ kúrò pátápátá. Nígbà tí a padà sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní kó di ọwọ́ òun mú, ìyá mi sì fún un pọ̀ títí nọ́ọ̀sì fi yọ ọwọ́.

“Ẹ ò rí i bí bọ́ọ̀lù yẹn ṣe ṣiṣẹ́, Màmá?”

“Ó mà ṣiṣẹ́ o,” ni ìyá mi dáhùn, ojú rẹ̀ ò yẹ̀. “Ọlọ́run á bù kún ọ.”

Nínú mọ́tò ló ti sọ fún mi pé òun fẹ́ máa lọ sílé òun. Mo ní kó dúró di ìparí ọdún. Ó wo ìta, ó ní, “Nígbà tó o kó ẹrù mi, o ò bi mí. Mò ń bi ọ́ o: ṣé o máa sìn mí délé, àbí kí n wọ ọ̀kadà?” Mo mọ̀ pé ó lè wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, a sìn ín lọ. Àwọn ọmọ gbé ìwé àti kréyọ́nù rẹ̀, èmi gbé àpò aṣọ. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn Ọ̀rányàn yẹn ti dógùn-ún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le pàápàá ń bá a jà. Ìyá mi ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀, ó ń yí i, ó ń mí. Mo na ọwọ́ pé kí n bá a ṣí i. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn gbá mi lẹ́yìn ọwọ́ paa, ó dùn mí wọ egungun. Mo dúró, mò ń fọwọ́ ra ojú ibẹ̀, inú mi ń dùn. Ó padà sídìí kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé, ó sì ní kí n bọ́ bàtà mi síta.