Rédíò Ń Sọ̀rọ̀, Ọkọ̀ Kò Jí

Rewáyà ni mí ní Ṣakí. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mò ń ṣe, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní sùúrù. Bí àwọn ọdún 1980 ṣe ń parí lọ, àwọn ọkọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnubodè wọlé tí wọ́n ní àpótí kékeré lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Àpótí yìí ló ń pàṣẹ epo àti iná fún ẹ́ńjìnnì. Ọpọlọ là ń pè é. Bí èèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni yóò gbé iná lọ jí ọpọlọ náà. Bí ọpọlọ kò bá jí, ẹ́ńjìnnì yóò máa yí lásán ni. Nísinsìnyí, mo mọ gbogbo èyí dáadáa. Nígbà náà, ìdajì rẹ̀ ni mo mọ̀, mo sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tán.

Àlàájà kan wà ládùúgbò wa tó ń ra iṣu àti ọkà bàbà láti Ìrawọ̀ àti Kòmu. Òun ló kọ́kọ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní òpópónà wa. Dírẹ́bà rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìrawọ̀, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń nu ọkọ̀ náà bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ọkọ̀ yìí wá bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Láàárọ̀, á ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí oòrùn bá ti mú, tí wọ́n bá pa á, kò ní í jí mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti já Àlàájà jù sójú ọ̀nà kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò jí. Ṣùgbọ́n rédíò bú sọ́rọ̀, wáàsí ń lọ ní pẹrẹu.

Dírẹ́bà rọra sọ pé, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ìdí rédíò yẹn lẹ ó kọ́kọ́ wò? Lẹ́yìn tí ẹ fi í sí i ni kinní yìí bẹ̀rẹ̀."

Inú bí mi. "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ rewáyà? Rédíò tó ń sọ̀rọ̀, ṣé òun ni kò níná?" Mo kọjú sí Àlàájà. "Iná wà nínú ọkọ̀ yìí, Àlàájà. Ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi."

N kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ṣùgbọ́n olè ni gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ gbọ́, èmi náà sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo gbọ́ pé àwọn àgbà mọ́sáláṣí ti bá Àlàájà sọ ọ́: tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, dírẹ́bà yóò fi Kùránì búra níwájú gbogbo èèyàn. Lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀rọ̀ èèyàn bá ti dé ibi ìbúra, kò sí ẹni tí yóò tún fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́, ì báà tilẹ̀ búra tán kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ní ó kéré tán, kí n lọ fi ojú ara mi rí ọpọlọ tí wọ́n pààrọ̀ yẹn.

Ní ọ̀sán Alámísì, nígbà tí oòrùn mú gan-an, mo padà lọ. Àlàájà jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dírẹ́bà jókòó síwájú ọkọ̀ láti máa bá mi yí kọ́kọ́rọ́. Èmi dùbúlẹ̀, mo ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú gílóòbù kékeré kan tí mo so wáyà méjì mọ́. Mo fi kan wáyà tó ti ojú bátìrì wá tààrà: gílóòbù tàn. Mo fi kan wáyà tó ń jí ọpọlọ, mo ní kí dírẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́: kò tàn. Mo lọ sí ìdí kọ́kọ́rọ́, mo fi kan wáyà kan náà: ó tàn yòò. Iná ń kúrò nídìí kọ́kọ́rọ́, kò dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ wáyà náà láìrí i. Nígbà tí ọwọ́ mi dé ẹ̀yìn rédíò, ó kan rọ́bà.

N kò nílò láti fojú rí i. Téèpù ni gbogbo rewáyà Ṣakí fi ń di ojú wáyà. Èmi nìkan ni mò ń gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dípò rẹ̀, nítorí pé oòrùn wa máa ń yọ́ téèpù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo máa ń wé e, màá sì ta kókó rẹ̀ sápá òsì. Mo ti fi yangàn káàkiri ìlú.

Mo tú u. Nígbà ààwẹ̀ ni mo ti fi ọ̀bẹ họ wáyà yẹn láti fa iná sí rédíò, kí Àlàájà lè máa gbọ́ wáàsí. Ọ̀bẹ mi ti wọlé jù. Okùn wáyà kan péré ló kù. Bí ooru bá mú, á ṣí. Bí ilẹ̀ bá tutù, á tún fara kàn. Ìhà kọ́kọ́rọ́ ni wáyà rédíò wà, kó tó kan ojú ọgbẹ́ náà, ìdí nìyẹn tí ó fi ń sọ̀rọ̀ lọ ní tirẹ̀.

Mo lè dì í padà, kí n ní ọpọlọ ọkọ̀ ló fẹ́ sinmi. Mo rò ó, n kò ní í purọ́. Ẹsẹ̀ dírẹ́bà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, kò mira. Mo yọ orí jáde, mo gbé rọ́bà náà lọ bá Àlàájà.

"Èmi ni mo gé wáyà yìí, Àlàájà. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ ohunkóhun."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo ní..."

Mo so wáyà náà pọ̀. Dírẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Ó wà á lọ sábẹ́ ìbòòji, ó nu sítíárìn rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sórí ẹní Àlàájà.

"Màmá, ọkọ̀ yín ti jí. Ẹ wá ẹlòmíràn."

Àlàájà, tí kì í bẹ èèyàn, bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí ìbúra mọ́. Ọkùnrin náà ní, "Ìyá mi ti gbọ́ ọ ní Ìrawọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ bi mí bóyá òótọ́ ni." Lẹ́yìn náà ló wò mí, kò bínú. Ì bá sàn kí ó bínú. "Ọ̀gá, mo sọ fún yín lọ́jọ́ kìíní."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí a kírun tán, mo dìde níwájú gbogbo ìjọ, mo sọ pé ọ̀bẹ mi ló ṣe é, pé ọkùnrin náà kò mú nǹkan kan. Wọ́n gbọ́ mi yékéyéké. Àyè rẹ̀ ní sàfú, ìlà tí a máa ń tò sí kírun, ṣófo. Ó ti wọ ọkọ̀ Ìrawọ̀ láàárọ̀. Bí mo ṣe ń jókòó, ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Bí kò bá jalè, kí ló dé tó sá lọ?"

Mo yíjú padà. Gbogbo wọn ń wò mí, àwọn èèyàn tí mo mọ̀ dáadáa.