Òróró Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Dúdú

Ọmọ mi kò tíì pé oṣù mẹ́rin nígbà tí mo wáṣẹ́ dé ibi ìfọkọ̀ tó wà lọ́nà Ilo-Awela. Mo pọ̀n ọ́n lọ ni. Mo ti kọ́kọ́ lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń di bisikíìtì, mo tún lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Joju. Gbogbo wọn ló wo ẹ̀yìn mi kí wọ́n tó wo ojú mi. "Ẹ lọ gbé ọmọ sílé ná." Ta ni mo fẹ́ gbé e tì? Ìyá mi wà ní Ẹdẹ, ìyá ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Obìnrin tó ni ibi ìfọkọ̀ yẹn nìkan ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo ọwọ́ mi.

"Ṣé kì í ké?"

"Kì í ké púpọ̀, mà."

"Oṣù mẹ́ta ni màá fi wò ẹ́. Tí oníbàárà kan ṣoṣo bá bínú torí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ, kí ìwọ àti ọmọ ẹ máa lọ nìyẹn. Mi ò ní gbọ́ ẹjọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Kò bà mí lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ni kò dùn mọ́ mi. Mo kàn mọ̀ pé tí ibẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ mi, kò síbòmíràn tó máa gba èmi àti ọmọ pa pọ̀.

Oyún ọmọ yẹn pé oṣù márùn-ún nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Bọ́ọ̀sì kékeré ló fi ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ láàárọ̀. Tírélà ló gbá a. Àwọn ìyá ìjọ ní kí n má sunkún, pé ẹkún aboyún ò dáa fún ọmọ inú. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí mo bímọ tán, wọ́n ní mo lè sunkún wàyí. Mo jókòó, mo dúró dè é, kò wá. Mò ń wẹ ọmọ, mò ń fún un lọ́mú, àfi bí ẹni pé ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ní kí n bá wọn gbé dání.

Iṣẹ́ ló dáa fún irú mi. Ọkọ̀ tó bá ń gbé Ọ̀tà kì í mọ́ bọ̀rọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ń tú ẹ̀rún irin sínú afẹ́fẹ́, á bà lé ọkọ̀, á wọ inú ọ̀dà lọ. Tí o bá fọ̀ ọ́ tán, wàá rò pé ó ti mọ́. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi pé kí n ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, kí n wá fi ra ara ọkọ̀ náà. Ohun tí ọwọ́ lásán kò mọ̀, inú ọ̀rá lo ti máa mọ̀ ọ́n: á máa ṣe hẹ́rẹhẹ̀rẹ bí iyanrìn inú ẹ̀wà. Amọ̀ rírọ̀ kan la fi ń yọ ọ́, pẹ̀lú omi ọṣẹ, díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn amọ̀ ni gíléèsì, tó rí bí ìpara. Ó ń dí ojú ibi tó họ, àwọ̀ ọkọ̀ á wá jinlẹ̀, ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀ sí i bí ẹ̀ẹ̀mélòó kan, gbogbo ojú ibẹ̀ á tún yọ. Ọ̀gá mi ò fẹ́ràn rẹ̀. "Ẹ̀tàn ni," ni wọ́n máa ń wí. Kí n má purọ́, èmi fẹ́ràn rẹ̀. Sílántì lèyí tó ń dáàbò bo ọ̀dà gan-an, ó lè lò tó oṣù mẹ́fà lára ọkọ̀. Àmọ́ kò bá òróró rẹ́. Tí òróró bá wà lábẹ́ rẹ̀, kò ní lẹ̀, á kàn máa ṣí kúrò ni. Ìda ló ń kẹ́yìn, fún dídán.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù mẹ́ta mi pé nígbà tí bàbá kan gbé ọkọ̀ dúdú kan wá láti Alapoti, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Díákónì ni wọ́n. Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n kọ́kọ́ ní láyé wọn. Ọ̀gá mi ti lọ sí Èkó lọ ra ọjà.

"Ìyá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀gá yín ti bá mi sọ ọ́, èyí tí òjò ò ní mú kúrò yẹn ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibí yìí o." Wọ́n na ìka sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti fi òróró ya àgbélébùú sí i, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. "Pásítọ̀ ló yà á sí i lánàá, níbi ìyàsímímọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fo ibẹ̀."

"Báwo ni kí n ṣe fò ó, sà?"

"Ẹ yí i ká, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ọkọ́ roko yí ìdí ọ̀pẹ ká."

Wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n lọ sí Sango lọ ṣe ìwé ọkọ̀.

Mo pe ọ̀gá mi, fóònù wọn ò lọ. Mo dúró síwájú ọkọ̀ náà. Tí mo bá fi òróró yẹn sílẹ̀, omi á gbé e kárí bọ́nẹ́ẹ̀tì, sílántì á ṣí, bàbá á padà wá bínú. Tí mo bá nù ún, wọ́n á bínú lónìí. Ọkọ mi náà gba irú òróró bẹ́ẹ̀ sí bọ́ọ̀sì rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ iwájú rẹ̀.

Mo da ọṣẹ sí i. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi amọ̀ ra á, mo fi ọ̀rá wò ó, ó jọ̀lọ̀, òróró ti tán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi sílántì ra á.

Ó ku ilẹ̀kùn kan nígbà tí bàbá dé.

"Ìyá ọmọ, òróró dà?"

"Mo ti nù ún, sà."

"Ẹ ní ẹ ṣe kí ni?"

"Mo fọ̀ ọ́ kúrò. Sílántì ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Tí mo bá parọ́ fún yín lónìí, òjò á sọ òótọ́ fún yín lọ́la."

"Òróró ìyàsímímọ́! Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́!"

"Ọṣẹ ọkọ̀ ni, sà. Kì í ha ọ̀dà."

Fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, ṣé òróró ló ń wa ọkọ̀ yín ni?"

"Panu ẹ mọ́, ìwọ afẹ́táyà! Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?" Wọ́n yọ fóònù. "Mò ń pe ọ̀gá yín báyìí."

Mo kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. "Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ya òróró sí ti ọkọ mi náà. Kò jẹ́ ká fọ̀ ọ́. Inú ọkọ̀ yẹn náà ló kú sí."

Mi ò sọ ọ́ kí wọ́n lè ṣàánú mi. Ó jáde lẹ́nu mi bí ìgbà tí tíṣà bá ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà. Fọkanáísà pa ẹ̀rọ rẹ̀. Bàbá wò mí títí, bóyá wọ́n ń retí omi lójú mi.

"Ẹ dìde," ni wọ́n wí. "Ọmọ wà lẹ́yìn yín." Wọ́n ti fóònù bọ àpò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ó máa gbẹ nígbà wo?"

"Tó bá di ìrọ̀lẹ́, sà. Kí omi má kàn án, kí òróró má kàn án."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ẹ lè ya òmíràn sí i. Á jókòó lókè ni, kò ní wọlé."

"Á jókòó lókè," ni wọ́n wí, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Sílántì ti kún ọwọ́ mi méjèèjì, mi ò lè dúró kó gbẹ mọ́ ilẹ̀kùn tó kù. Bàbá na ọwọ́. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ tú ọ̀já, wọ́n gbà á, wọ́n gbé e sí èjìká, wọ́n ń gbá a nídìí jẹ́jẹ́. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Báyìí ni ọ̀gá mi bá wa nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n wo bàbá, wọ́n wo ọmọ.

"Ẹ ǹlẹ́ o, sà. Ṣé kò sí?"

Bàbá wojú mi. Mo di aṣọ ọwọ́ mi mú, mo ń dúró. Fọkanáísà náà ń dúró.

"Kò sí o," ni bàbá wí. "A ń dúró kó gbẹ ni."

Ọ̀gá mi ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, wọ́n yẹ ibi tí a kò tíì kùn wò nídìí ilẹ̀kùn, wọ́n mi orí pé ó dáa. Bóyá bàbá padà sọ fún wọn lẹ́yìn èmi, mi ò mọ̀; wọn ò bi mí rí.

"Tó bá gbẹ, fi ìda lé e," ni wọ́n wí fún mi. "Kó o sì tètè dé lọ́la. Ọkọ̀ méjì ló ń bọ̀, ọ̀kan funfun. Funfun máa ń yọni lẹ́nu."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ọmọ ti sùn. Mo fọwọ́, mo rọra gbà á lọ́wọ́ bàbá, mo pọ̀n ọ́n, mo sì lọ wá agolo ìda.