Ìbò Ẹyọ Kan Ṣoṣo

Gàrí yíyan ti pa ìlà ọwọ́ màmá mi rẹ́, ẹ̀rọ ìdìbò ò sì mọ àtàǹpàkò wọn. Mo jágbe mọ́ agùnbánirọ̀ tó mú ẹ̀rọ náà dání ní ibùdó ìdìbò wa n'Íba. Ó ní kí màmá gbójú sókè, ó ya ojú wọn, ẹ̀rọ sì gbà á. Ojú tì mí.

Màmá dìbò tán, mo ní ká máa lọ sílé jàre, ta ló fẹ́ ka ìbò wọn? Wọ́n kọ̀. Wọ́n jókòó títí gbogbo èrò fi bá agùnbánirọ̀ yẹn ka ìbò sókè. Ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan ní ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Màmá fi ìgúnpá gbún mi: “Tèmi nìyẹn. Wọ́n kà á.”